Bí nǹkan bá ṣòro lò, ẹ yé dá ara yín lẹ́bi

Dìsáínà Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya bí ojú áàpù àti ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe rí: ibi tí bọ́tìnnì máa wà, ohun tí a máa kọ sára rẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti padà wá ń ṣiṣẹ́ láti Kàbà, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, gbólóhùn kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó máa ń dùn mí: "Má bínú, n kò mọ̀wé ni." Ẹni tó kàwé gboyè náà ń sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀: "Èmi àti fóònù kò rẹ́." Ẹ̀rọ ló dà wọ́n láàmú, àwọn ló tún ń tọrọ àforíjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiyín. Bí ènìyàn púpọ̀ bá ń ṣi nǹkan kan náà ṣe lójú kan náà, ẹni tó ṣe nǹkan ọ̀hún ló yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Don Norman, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Apple ní 1993, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ayé. Ilẹ̀kùn ló fi ń ṣàlàyé. Ẹ ti rí ilẹ̀kùn gíláàsì tó ní ọwọ́ gbọọrọ, tí ẹ fà á tí kò ṣí, kí ẹ tó rí i pé wọ́n kọ PUSH sí i lókè. Ohun tó ní ọwọ́ tó ṣeé dì mú, fífà la máa fà á. Bí ó bá jẹ́ pé títì ni kí a tì í, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí i, kò ní í nílò àkọlé kankan.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ ATM máa ń dá káàdì padà kí owó tó jáde. Owó la bá wá síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́, ọkàn ti lọ sílé, káàdì á wá di ìgbàgbé nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀dá. Kò kọ ìkìlọ̀ gígùn, kò sì bú ẹnikẹ́ni pé ó ń gbàgbé. Tàbí ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó ti wà láti 2013: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sọ̀rọ̀, tú ọwọ́ sílẹ̀, ó ti lọ. Ìyá tí kò kọ lẹ́tà rí láyé rẹ̀ ń fi èdè Búnú bá ọmọ rẹ̀ ní Abuja sọ̀rọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ju ìgbà kan lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ sọ èyí tó ń dà yín láàmú fún mi. Kò ní dandan kó jẹ́ fóònù.

---

Ìyá Ìbejì POS

Àbúrò mi, o ṣeun tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mọ̀pà ni mo wà, POS ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni àwọn tí kò ṣe tíránsífà rí ti ń wá bá mi pẹ̀lú fóònù kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí. Wọ́n á tẹ kóòdù báńkì wọn. Nǹkan méje á yọ, wọ́n kọ ọ́ ní Òyìnbó. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò sí níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tẹ 8 kí wọ́n rí ìyókù. Bí wọ́n ṣe ń gbé ojú sókè láti bi mí pé èwo ni, ó ti lé wọn jáde. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Láti oṣù kẹfà 2025, inú owó ìpè ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìṣẹ́jú-àáyá 120, nítorí náà ẹni tí kò bá yára, òun ló ń sanwó jù. Ìyẹn kò tọ́ rárá.

Nọ́ńbà àkáǹtì náà tún wà. Nọ́ńbà 10, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí òdo mẹ́ta bá tò síwájú, ẹni tó ń kà á fún mi á ka méjì. Èmi ti ń kọ tèmi sára ogiri ní mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, pẹ̀lú àyè láàárín. Láti ìgbà náà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í kà mọ́.

---

Dìsáínà Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ dìsáínà gan-an lẹ ṣe sára ogiri yẹn. Ọkàn ẹ̀dá kò lè gbé nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má jábọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbé mẹ́ta, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó padà wá gbé mẹ́ta mìíràn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà 16 tó wà lójú káàdì Visa àti Mastercard fi máa ń pín sí mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí orúkọ ẹni tí owó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bá yọ lójú ẹ̀rọ yín, kí lẹ máa ń ṣe?

---

Ìyá Ìbejì POS

Mo máa ń kà á sókè! Mi ò kì í tẹ̀ ẹ́ lọ kí kọ́sítọ́mà tó dáhùn pé òun nìyẹn. Orúkọ yẹn ló ń gbà wá. Bí kì í bá ṣe òun, owó ìbá ti máa lọ sọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni lójoojúmọ́.

---

Kóòdù Lọ́kọ́jà

Dìsáínà, mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ti àwa tí à ń kọ́ ẹ̀rọ náà. Ojú kan ṣoṣo nínú kóòdù báńkì kò lè gbà ju lẹ́tà 182 lọ. Bí o bá kọ ọ́ ní Yorùbá tó ní àmì, iye lẹ́tà tó gbà tún máa já wálẹ̀. Àkókò tí ó fi ń lé ènìyàn jáde, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ló ń fi sí i, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà kò gba èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, ààbò. Bí a bá mú gbogbo rẹ̀ rọrùn, olè náà yóò rí i ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀kẹta, ọ̀gá kì í sanwó fún ìdánwò. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Gbé e jáde" ni.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó le ló jẹ́ àìbìkítà.

---

Dìsáínà Kàbà

Òótọ́ lo sọ nípa lẹ́tà 182 àti nípa àkókò, mi ò bá ọ jà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àyè tóóró yẹn, ta ló pinnu pé kí tíránsífà wà ní ojú kejì, kí ìpolówó owó-yíyá wà ní àkọ́kọ́? Ìyẹn kì í ṣe ilé iṣẹ́ fóònù. Ohun tí èrò púpọ̀ ń bọ̀ wá ṣe ló yẹ kó gba 1. Bí ó bá lé mi jáde, kí ó rántí ibi tí mo dé, kó bi mí nígbà tí mo bá padà pé ṣé kí a máa bá a lọ.

Ní ti ààbò, PIN kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ọjà Kàbà ló mọ PIN lò. Orúkọ tí Ìyá Ìbejì ń kà sókè náà, ààbò ni, ó sì tún rọrùn. Mi ò gbà pé méjèèjì ń bá ara wọn jà tó bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ti ìdánwò ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn lò, kọ ọ́ ní 2000 pé bí o bá jókòó ti ènìyàn márùn-ún tó ń lo nǹkan rẹ, o ó ti rí nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro tó wà nínú rẹ̀. Ìṣirò ni ìyẹn, kì í ṣe òfin, àwọn mìíràn sì ti bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó já irọ́ pé ìdánwò ń náni lówó púpọ̀. Ohun tó ń náni ni sùúrù. O ó fún ènìyàn ní iṣẹ́ kan: "Fi ₦500 ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ." O ó wá dákẹ́. Má tọ́ka, má ní "ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn." Bí ó bá bi ọ́ pé "ṣé èyí ni?", dá a padà fún un: "Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?" Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró lófuurufú, tí kò mọ ibi tó máa bà lé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà. Dídákẹ́ yẹn ló le jù fún ọmọ Okun. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a má wo àgbà níran nígbà tí nǹkan bá há sí i lọ́wọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ là ń dán wò, pé bí nǹkan bá há, èmi ló ṣe láǹfààní.

---

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò, ẹ kú làákàyè. Èmi ní àtakò kékeré kan. Bí a bá mú kí gbogbo nǹkan rọrùn, ìgbà wo ni ọmọ ènìyàn máa kọ́ nǹkan? Ìwé kíkà kò rọrùn, a sì kọ́ ọ. Mọ́tò wíwà kò rọrùn. Ọmọ tí kò bá rí ìṣòro kì í ronú.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti orúkọ. Ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò kan wà tí a ń lò fún àwọn ọmọ. Bí o bá kọ Ọlọ́runfẹ́mi bó ṣe yẹ, yóò ní "invalid character". Ọmọ ará Yàgbà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀rọ ní kò tọ̀nà! Ọmọ náà á wá yọ àmì kúrò níbí, wọ́n á kọ ọ́ lọ́nà mìíràn níbòmíràn, nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì wọn á ní orúkọ méjèèjì kò bára mu.

---

Kóòdù Lọ́kọ́jà

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti orúkọ, nítorí ó ń dun èmi náà. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lẹ́tà ni "ẹ", ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan àti àmì kan ló so pọ̀. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn ní kó gba A sí Z nìkan, ó parí. Kò ju ìlà kan lọ láti tún un ṣe. Ó wulẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ Yorùbá dán an wò rí.

Èyí tó nira díẹ̀ ni ti SMS. Ojú ewé SMS kan ń gba lẹ́tà 160. Fi "ọ" ẹyọ kan sí i, ó di 70. Ilé ìwé tó bá fẹ́ fi Yorùbá tó péye ránṣẹ́ sí òbí máa san owó ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ojú ewé kan. Ìyẹn ni mo pè ní àhámọ́ tòótọ́.

---

Dìsáínà Kàbà

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù ní ti ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lọ́nà yìí: ìṣirò ni ẹ fẹ́ kí ọmọ fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe, àbí wíwá ibi tí wọ́n fi bọ́tìnnì "submit" pamọ́ sí? Agbára ọpọlọ tó bá ti tán sórí fọ́ọ̀mù, ìṣirò ò ní í rí i lò. Ohun tó yẹ kó le, kó le. Fọ́ọ̀mù kò sí lára wọn.

---

Bàbá Ìyàrà

Mo ka gbogbo yín. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa.

Àwọn baba wa ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ̀yin ọmọdé, ojú yín ni ẹ fi ń ya fóònù. Lẹ́tà á rí tín-ínrín, àwọ̀ eérú lórí funfun. Èmi tí ojú mi ti ń ṣú, mo ní láti gbé e lọ sí oòrùn, oòrùn náà á tún gba ìyókù.

Ti owó náà ńkọ́? Láti ₦100 dé ₦1000, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ní alẹ́, bí iná bá lọ, mo ní láti bẹ ọmọdé kó ṣà á fún mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí kò ríran rárá. Kí ló máa fi mọ̀ ọ́n?

---

Dìsáínà Kàbà

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Òtítọ́ pátápátá. Owó euro, bí iye rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ló ń tóbi sí i, nítorí àwọn tí kò ríran rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní ti lẹ́tà eérú, ìlànà wà fún un káàkiri àgbáyé: ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Kọ̀ǹpútà lè wọ̀n ọ́n fún ẹni tó bá ń yà á lójú ẹsẹ̀. Bọ́tìnnì náà ní tirẹ̀. Google ní kí èyí tí a máa fi ìka tẹ̀ lórí Android má dín ní 48dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn nǹkan lójú fóònù), nǹkan bíi mìlímítà 9. Láti 1954 ni Paul Fitts, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ti fi hàn pé bí ohun tí ọwọ́ ń lé bá ṣe kéré tó, tó sì jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí a tó bá a. A ti mọ̀ ọ́n látìgbà yẹn, a ṣì ń ya bọ́tìnnì bí orí ìṣó. Inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ni wọ́n ti ń yà á. Kí ẹni tó bá yà á gbé e bọ́ sí oòrùn ọ̀sán lójú ọjà kó wò ó.

---

Àgbẹ̀ Ìyàmoyè

Ẹ jẹ́ kí n mú ti kaṣú wá, nítorí ìyẹn ni tèmi. Ní àkókò kaṣú, oníbàárà á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá. Ojú òṣùwọ̀n náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó ń rà ló ń dojú kọ ọ́. Èmi tí mo ni kaṣú á dúró lẹ́yìn àpò, etí ni mo fi ń gbọ́ iye kílò. Bí mo bá yí wá síwájú láti wò ó, yóò dà bíi pé mò ń pe ẹni náà ní olè. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n mi ò rí i.

Ṣé ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yín?

---

Dìsáínà Kàbà

Ó wà níbẹ̀ gbọn-in gbọn-in, ẹ̀gbọ́n, mi ò tilẹ̀ ronú kàn án kí ẹ tó sọ ọ́. Òṣùwọ̀n tó ní ojú méjì wà lọ́jà, ọ̀kan kọjú sí ẹni tó ń tà, èkejì sí ẹni tó ń rà. Ẹ wò bó ṣe tú ìṣòro náà: kò sí ẹni tó ní láti yí kiri, kò sí ẹni tó ní láti fura sí ẹnìkejì. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín bá dáwó ra ọ̀kan, tí wọ́n gbé e sí ibi tí ẹ ti ń tà, ẹni tó bá fẹ́ rà yóò fi ti ẹgbẹ́ wọ̀n ọ́n.

---

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ó sì wọ̀ mí lára, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

ORS ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn oògùn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń ṣu omi. Sáṣẹ́ẹ̀tì tí a sábà ń pín, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí a pò ó mọ́ omi lítà kan. Mo máa ń bi àwọn ìyá: "Kí lẹ máa fi wọn lítà kan nílé?" Wọ́n á dákẹ́. Ẹlòmíràn ní ife, ẹlòmíràn ní kẹ́ẹ̀tùlù. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á pọ̀ lára ọmọ, ìyẹn léwu. Bí omi bá pọ̀ jù, oògùn kò ní í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ omi inú ọ̀rá wà ní gbogbo ilé, wọ́n kọ 50cl sí i. Méjì rẹ̀ ni lítà kan! Ẹnikẹ́ni kò kọ ìyẹn sára sáṣẹ́ẹ̀tì.

Mo ti kọ bébà kan tí mo fẹ́ máa fún wọn. Ẹ bá mi wò ó:

"Fọ ọwọ́ rẹ. Da omi inú ọ̀rá méjì (50cl, tó ní nọ́ńbà NAFDAC) sínú abọ́ mímọ́. Tú oògùn sí i. Pò ó títí yóò fi yòrò. Fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀. Da ìyókù nù lẹ́yìn wákàtí 24."

---

Dìsáínà Kàbà

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó dára gan-an. Ẹ má jẹ́ kí èmi sọ èrò mi nípa rẹ̀. Ẹ fún ìyá díẹ̀ ní bébà yìí, sáṣẹ́ẹ̀tì àti omi, kí wọ́n ṣe é níwájú yín. Ẹ má sọ nǹkan kan. Kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

---

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Mo ti ṣe é. Ẹnu yà mí.

Omi kò dà wọ́n láàmú rárá, kíá ni wọ́n mú ọ̀rá méjì. Oògùn ni ìṣòro. Ìyá kan tó ní ọmọ ọwọ́ da ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì sí omi náà, ó ká ìyókù pa mọ́. Mo bi í ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tó ṣe tán. Ó ní ọmọ náà kéré, oògùn kékeré ló yẹ ẹ́. Ọlọ́gbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ oògùn ọmọdé lóòótọ́. Ìyá mìíràn náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó tún inú rò. Èmi kọ "tú oògùn sí i", mo rò pé ó ti yé.

Èkejì ni "wákàtí 24". Wọ́n kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa dà á nù, oríṣiríṣi ni ìdáhùn.

---

Ìyá Ìbejì POS

Kọ ọ́ pé "títí di àsìkò yìí lọ́la." Gbogbo wa la mọ ọ̀la.

---

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tún un kọ:

"Wò ó bóyá wọ́n kọ lítà 1 sára sáṣẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá jẹ́ lítà 1, bi nọ́ọ̀sì. Fọ ọwọ́ rẹ. Da omi inú ọ̀rá 2 (50cl, tó ní nọ́ńbà NAFDAC) sínú abọ́ mímọ́. Tú GBOGBO oògùn inú sáṣẹ́ẹ̀tì 1 sí i. Má pín in sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Pò ó títí yóò fi yòrò. Fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀. Àsìkò yìí lọ́la, da ìyókù nù."

---

Dìsáínà Kàbà

Mo máa ya àwòrán sí i: ọ̀rá omi méjì, sáṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti tú tán, abọ́ kan. Lẹ́tà ńlá, dúdú lórí funfun, fún ojú bíi ti Bàbá. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa fi ránṣẹ́ sí yín, ọ̀fẹ́ ni.

---

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò mú un lọ sílé, wọ́n á kà á fún àwọn ìyá wọn, wọ́n á sì kọ ibi tí kò bá ti yé wọn wá fún mi. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára nìyẹn.

---

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ohun tí àwọn ìyá bá sọ gan-an ni kí àwọn ọmọ kọ. Ẹ má tún gbólóhùn wọn ṣe.